Ìwọ tó ń há wọ́ọ̀dù sórí torí IELTS, gbọ́ tèmi

Àbúrò, mo ka ohun tó o kọ. O ní o ti há ìdajì ìwé wọ́ọ̀dù kan sórí, ìwé tó kó ẹgbẹ̀rún kan Gẹ̀ẹ́sì ńlá jọ, o lọ ṣe IELTS, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn tó fẹ́ lọ sókè òkun máa ń ṣe, Reading ẹ dáa, Listening ẹ dáa, àfi Writing tó jókòó pa sórí 6.0, o wá ń bèèrè pé ìwé wo lèèyàn tún lè rà. Má ra ìwé kankan mọ́ jàre. Nọ́ọ̀sì ni mí, Leeds nílẹ̀ England ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, àmọ́ Ìsẹ́yìn ni mo dàgbà sí, ilé ìwé tí tíṣà Gẹ̀ẹ́sì fúnra ẹ̀ ti ń fi Yorùbá ṣàlàyé ni mo lọ, torí náà ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló rí i.

Àwa ọmọ Nàìjíríà fẹ́ràn gírámà jù. Ẹni tó bá ti lè fọn òyìnbó tẹ́nì kankan ò gbọ́, àtẹ́wọ́ ló kù. Ṣé o rántí Patrick Obahiagbon nígbà tó wà nílé aṣòfin l'Ábújá, 2007 sí 2011? Àwọn èèyàn á ti máa rẹ́rìn-ín kó tó ya ẹnu. Ó ń dùn mọ́ èmi náà, mo ṣì máa ń wá fídíò ẹ̀ wò tó bá ti rẹ̀ mí. Àmọ́ eré nìyẹn, ẹni tó ń máàkì IELTS ò wá eré wá. Nǹkan mẹ́rin ni wọ́n ń máàkì nínú Writing, wọ́ọ̀dù jẹ́ ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin máàkì ẹ nìyẹn. Lóòótọ́ wọ́n kọ ọ́ sínú ìlànà wọn pé ẹni tó fẹ́ gba 7 gbọ́dọ̀ máa lo wọ́ọ̀dù tí kì í ṣe ti gbogbo ìgbà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kà dé tí wọ́n á pa ìwé dé, bẹ́ẹ̀ ìlà yẹn ò tíì parí, wọ́n tún ní kó o mọ ibi tí wọ́ọ̀dù yẹn yẹ sí àti àwọn tí òun pẹ̀lú wọn jọ ń rìn. Tó o bá wá kọ "plethora" sókè, o kọ "myriad" sísàlẹ̀ ("ọ̀pọ̀" ṣáà ni méjèèjì), tí wọ́n sì rí "do a crime" láàárín méjèèjì, ó tán, wọ́n ti mọ̀ pé inú list lo ti kó wọn jáde.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn, àwọn tí wọ́ọ̀dù ń bá rìn. Wo Yorùbá tiwa. Èèyàn ń jẹ gbèsè, ó ń jẹ oyè, ó ń jẹ ìyà, kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ ẹ pé "jẹ" ni gbogbo wọn ń lò. Tí òyìnbó kan bá sọ fún ẹ pé òun "gba gbèsè", wàá gbọ́ ohun tó ń sọ, àmọ́ wàá mọ̀ pé àlejò ni. Àwọn náà ń gbọ́ tiwa bẹ́ẹ̀. Crime, "commit" ló ń bá a rìn. Attention, "pay" ni. Òjò tó pọ̀, "heavy" ni, atẹ́gùn tó le, "strong" ni, tíì tó ki náà, "strong" ni, má bèèrè ìdí lọ́wọ́ mi. Ohun tó ń fa 6.0 nìyí, kì í ṣe pé wọ́ọ̀dù ẹ kéré.

Nítorí náà àwọn wọ́ọ̀dù tó o rò pé o ti mọ̀ ni kó o padà lọ bá. Mú "raise". O mọ̀ ọ́n láti prámárì, raise your hand. Ó dáa, ṣé o mọ raise a child, raise money, raise doubts, raise the rent? Ní wọ́ọ̀dù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ (wọ́ọ̀dù ọsibítù ni mò ń sọ o, kì í ṣe ti ẹnu), "raise a concern" ni wọ́n máa ń sọ tí nọ́ọ̀sì bá rí nǹkan tí ò tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò sì sọ́jọ́ tí mi ò gbọ́ ọ. Ẹni tó bá mọ gbogbo ojú tí "raise" ní á kọ essay tó já geere ju ẹni tó mọ "plethora" lọ. Tó bá jẹ́ pé list ṣáà lo fẹ́, ọ̀kan wà tó dáa, Academic Word List, obìnrin kan tó ń jẹ́ Averil Coxhead ló ṣe é ní Yunifásítì Victoria ní Wellington, New Zealand, ó gbé e jáde lọ́dún 2000, ìdílé wọ́ọ̀dù 570 péré (assume, assumed, assumption, ìdílé kan ni wọ́n ka gbogbo wọn sí), ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wò ó, wàá rí i pé o ti bá èyí tó pọ̀ jù nínú wọn pàdé: assume, establish, significant, issue. O ń kà wọ́n, o ò kàn tíì máa kọ wọ́n ni.

Bí mo ṣe ṣe é nìyí. Mi ò kọ wọ́ọ̀dù àti ìtumọ̀ ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn rí láti ìgbà tí mo ti mú un ní dandan, odindi gbólóhùn tí mo ti bá a pàdé ni mò ń kọ, màá wá kọ tèmi sábẹ́ ẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ nǹkan tó ṣẹlẹ̀ sí mi lóòótọ́: làńlọ́ọ̀dù mi tó fowó lé owó ilé, bàbá mi tó ń hun aṣọ òfì, ìyá ọkọ mi, ẹ̀gbọ́n tí ò san owó mi. Tó bá jẹ́ irọ́ ni gbólóhùn yẹn kì í dúró lórí. Dikṣọ́nárì tí wọ́n ṣe fún ẹni tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni kó o lò, má lo èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn òyìnbó fúnra wọn. Bí àpẹẹrẹ, ti Longman, bí ẹgbẹ̀rún méjì wọ́ọ̀dù tó rọrùn ni wọ́n fi ń ṣàlàyé gbogbo èyí tó kù, ó sì máa ń kọ àwọn tí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ń bá rìn sílẹ̀ fún ẹ, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ.

Lẹ́yìn náà, gbé gbólóhùn yẹn sínú Anki, app kan tó ń fi káàdì rán èèyàn létí ohun tó ti kọ́. Ọ̀fẹ́ ni lórí kọ̀ǹpútà àti Android, àwọn oní-iPhone ló ń sanwó. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé yóò gbé káàdì kan wá bá ẹ nígbà tó bá ku díẹ̀ kó o gbàgbé ẹ̀, tó o bá rántí, ó di ọjọ́ mélòó kan sí i, tó ò bá rántí, kò ní pẹ́ tó fi máa gbé e padà wá bá ẹ. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, ará Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, ti kọ ọ́ láti 1885 pé ohun téèyàn há sórí lẹ́ẹ̀kan kì í pẹ́ sá lọ, àfi tó bá ń padà sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Má fi wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo sójú káàdì, yọ ọ́ kúrò nínú gbólóhùn kó o fi àlàfo síbẹ̀, "The nurse ... a concern about the dose", kó o wá ronú. Márùn-ún lójúmọ́ ti tó. Àwọn káàdì tí ẹlòmíì ti ṣe sílẹ̀ téèyàn kàn ń wà jáde yẹn, fi wọ́n sílẹ̀, o ò bá àwọn wọ́ọ̀dù yẹn pàdé níbì kankan, àjèjì ni wọ́n máa jẹ́ sí ẹ.

Ibi tí wàá ti máa bá wọ́ọ̀dù pàdé ni ìwé kíkà, kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ẹnì kan tó mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, Paul Nation, Wellington yẹn náà ló wà, ṣírò ẹ̀ lọ́dún 2006 pé kéèyàn tó lè máa ka ìwé ìròyìn tàbí ìwé ìtàn láìsí pé ẹnì kan ń ràn án lọ́wọ́, yóò mọ bí ìdílé wọ́ọ̀dù ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án. Ìwé ẹlẹ́gbẹ̀rún kan wo ló fẹ́ gbé ẹ débẹ̀? Àmọ́ ọgbọ́n kan wà níbẹ̀, má máa ka gbogbo nǹkan. Mú kókó ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kó o wà lórí ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù lo fẹ́ràn, ka ìròyìn Premier League, wàá rí "concede", "equaliser", "scrape through" títí tí wọ́n á fi sú ẹ, ìgbà tí wọ́n bá sú ẹ gan-an lo ti mọ̀ wọ́n. Èmi, ọ̀rọ̀ ibà àti àjẹsára ni mo mú, torí iṣẹ́ mi.

Ọ̀rọ̀ pé kó o fi wọ́ọ̀dù míì rọ́pò gbogbo wọ́ọ̀dù tó wà nínú ìbéèrè ńkọ́, èyí tí àwọn tó ń kọ́ni ní IELTS máa ń sọ? Rọra o. Ìbéèrè ní "children", wọ́n ní kó o kọ "juveniles", bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti ilé ẹjọ́ ni "juvenile" máa ń bá rìn, o ti sọ ọmọ ọlọ́mọ di ọ̀daràn. Kọ "children" lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí nǹkan tó máa ṣe ẹ.

Ohun kan tún wà tí ò sẹ́ni tó sọ fún mi kí n tó kúrò nílé. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi tọ́ wa, Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé ni, ká máa sọ commence, purchase, vomit, èyí ò le fún wa. Láti 1066 tí àwọn ará Normandy ti wá gba ilẹ̀ England ni èdè Faransé ti di èdè àwọn ọ̀tọ̀kùlú níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí Gẹ̀ẹ́sì fi máa ń ní méjì-méjì, ọ̀kan fún ìwé, ọ̀kan fún ilé. Ti ilé yẹn ló ń dà wá láàmú. Aláìsàn kì í sọ fún mi pé òun bì, "I brought it up" ló máa sọ. Ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún tó jí, ó "come round". Oògùn ìrora tí agbára ẹ̀ ń tán lọ, ó ń "wear off". Ẹni tí oúnjẹ ò wù, ó "gone off his food". Gbogbo wọ́ọ̀dù yẹn, ọmọ ọdún méje mọ̀ ọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, àmọ́ tí wọ́n bá so pọ̀ báyìí ẹnu á ya ẹ. Kó wọn jọ fún Speaking, wọ́n á gbè ẹ́ gan-an. Nínú Writing Task 2, ìyẹn essay tí wọ́n máa ní kó o kọ, fi wọ́n sí àpò.

Ohùn náà ńkọ́. Yorùbá ń gbé ohùn sókè sódò lórí gbogbo sílébù, Gẹ̀ẹ́sì ń tẹ ẹyọ kan mọ́lẹ̀ ó ń gbé èyí tó kù mì. Àwa ń pe "maintenance" bíi pé àárín ló wúwo, ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn ń tẹ̀. "Colleague" náà, ìbẹ̀rẹ̀ ni. Torí náà tẹ àmì ohùn tó wà nínú dikṣọ́nárì orí íntánẹ́ẹ̀tì, pè é jáde lẹ́nu kó o tó kọ ọ́ sílẹ̀, torí wọ́ọ̀dù téèyàn ò bá lè pè, kì í fẹ́ lò ó.

Má sì jẹ́ kẹ́nì kankan sọ fún ẹ pé Gẹ̀ẹ́sì tiwa ò dáa. Oṣù kìíní 2020 ni Oxford English Dictionary gba danfo, mama put, next tomorrow àti rub minds wọlé. Mò ń sọ wọ́n lórí fóònù pẹ̀lú àwọn ara ilé. Mi ò kàn ní kọ "next tomorrow" sínú ìdánwò, ẹni tó máa máàkì ẹ lè má ti gbọ́ ọ rí.

Tó o bá fẹ́, kọ Task 2 kan, má ṣí dikṣọ́nárì, fi ránṣẹ́ sí mi, màá fa ìlà sábẹ́ gbogbo wọ́ọ̀dù tó wà pẹ̀lú ẹni tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ̀, o lè fi wọ́n bẹ̀rẹ̀ káàdì ẹ. Kó má ṣe wọ òpin ọ̀sẹ̀ yìí sha, iṣẹ́ alẹ́ ni mo wà.