Epo tí wàá rí rà ni kí o kọ́kọ́ wò, kí o tó wo sítóòfù

Òkun o, àbúrò mi. O ní o fẹ́ ra sítóòfù alágbèéká tí wàá máa gbé lọ sí oko kajú lẹ́yìn Ìsánlú, o tún fẹ́ máa kó àwọn ti àtijọ́ jọ, o wá béèrè pé èwo ni kí o kọ́kọ́ rà. Èmi kò ní dárúkọ ọ̀kankan títí a ó fi yanjú èyí: epo wo lo máa rí rà nítòsí ibi tí o ti fẹ́ dáná?

Àwọn pẹlẹbẹ tí wọ́n ń ki àgolo gáàsì gígùn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dára, ọmọdé pàápàá á mọ̀ ọ́n tàn. Ṣùgbọ́n gáàsì inú àgolo yẹn kì í ju bíi 220 gíráàmù lọ. Tó bá tán, Abújá tàbí Ìlọrin lo máa ránṣẹ́ sí kí wọ́n tó rí òmíràn fún ọ. Mo ti rí irú ẹ̀ nínú ahéré tó ti di ohun tí wọ́n ń gbé ife lé. Fún oko, ra sílíńdà 3 kílò tí ojú iná rẹ̀ wà lórí, nítorí ibi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì kò jìnnà sí ọ. Fi ìfófó ọṣẹ pa ibi tí wọ́n ti so ó kí o tó tàn án. Ibi tó bá ti ń hó, ibẹ̀ ló ti ń jò. Gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń jókòó sí, nítorí náà má gbé e sínú ahéré tí kò ní fèrèsé, má sì jẹ́ kí sítóòfù kankan máa jó níbi tí o fẹ́ sùn sí.

Lásìkò kajú, ewé gbígbẹ wà níbi gbogbo. Gbá ilẹ̀ dé erùpẹ̀ kí o tó gbé e kalẹ̀. Fi páànù dí atẹ́gùn lápá kan, ṣùgbọ́n má fi páànù yí gáàsì po, torí ooru á padà sórí sílíńdà, ó sì lè bú. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn sítóòfù ju ààrò olókùúta mẹ́ta lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni pé tí o bá ti pa á, ó kú pátápátá. Kò sí ẹyin iná tí atẹ́gùn máa gbé wọ oko ẹlòmíì.

Ní ti kíkójọ, ibẹ̀ gan-an lọkàn mi wà. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó ń lo kẹrosíìnì, tó ní pọ́ǹpù, tí kò ní òwú. Frans Wilhelm Lindqvist, ará Sweden, ló ṣe irú ẹ̀ ní 1892, òun ni ayé mọ̀ sí Primus. O máa da sípíríìtì díẹ̀ sínú àwo kékeré tó wà lábẹ́ orí rẹ̀, o tan án kí irin náà gbóná, lẹ́yìn ìyẹn lo tó fún pọ́ǹpù. Kẹrosíìnì á gba inú irin gbígbóná, á di ooru bíi gáàsì kó tó jáde, iná á ràn ní búlúù pẹ̀lú ariwo, ìdí ìkòkò kò ní dúdú. Tí irin kò bá gbóná tó, kẹrosíìnì tútù ló máa tú jáde, iná pupa á sì bù sókè. Irú ẹ̀ ni Roald Amundsen, ará Norway, fi ń yọ́ yìnyín mu lọ́nà ìpẹ̀kun gúúsù ayé ní 1911. Ilé àwọn tíṣà àtijọ́ ni kí o ti máa béèrè, láti Ẹ̀gbẹ̀ dé Ìyàrà.

Má jẹ́ kí dídán rẹ̀ gbà ọ́ lọ́kàn. Ẹnìkan gbé ọ̀kan wá fún mi ní Lọ́kọ́jà, idẹ rẹ̀ ń kọ mànà. Mo ní kó bu omi sí bàsíà. Mo dé e pa, mo fún pọ́ǹpù díẹ̀, mo rì í bọ omi, ni èéhó wẹ́wẹ́ bá ń tò jáde létí ibi tí wọ́n ti jó ọ̀nà pọ́ǹpù mọ́ ikùn rẹ̀. Mo dá a padà fún un. Idẹ tó ṣú tí kò jò sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Èyí tó ń lo bẹntiróò, bíi Svea 123 tó jáde ní 1955, rẹwà, ṣùgbọ́n epo mímọ́ gaara ni wọ́n ṣe é fún. Èyí tí mọ́tò wa ń mu máa ń dí ẹnu rẹ̀. Fi sílẹ̀ ná. Má sì da bẹntiróò sínú ti kẹrosíìnì láé. Ọwọ́ ẹni tí o mọ̀ ni kí o ti ra kẹrosíìnì, torí wọ́n ń da bẹntiróò lú u, ẹ̀mí àwọn èèyàn sì ti bá a lọ. Èyí tó bá ń rùn bíi bẹntiróò, má tàn án.

Tí pọ́ǹpù kò bá gbá afẹ́fẹ́, fa ọ̀pá rẹ̀ yọ: awọ kékeré tó rí bí ife wà ní ìdí rẹ̀. Ó ti gbẹ ni. Fi èékánná la etí rẹ̀ síta díẹ̀díẹ̀, rẹ ẹ́ sínú epo ẹ́ńjìnì tuntun di ọjọ́ kejì, kí o tó dá a padà. Tó bá ti ya, mú un lọ bá àwọn tó ń ṣe bàtà ní ọjà Kàbà, wọ́n á gé òmíràn fún ọ lára awọ rírọ̀; kí wọ́n fi ti àtijọ́ wọ̀n ọ́n.