Owó ìdáwó ọ́fíìsì: ṣé sàká ni àbí sàráà?

ÌBÉÈRÈ: Asalaamu alaykum Alfa. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ́fíìsì kan ní Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti pẹ́ tá a ti máa ń dá 2,000 náírà lóṣooṣù, ẹni tó bímọ, ẹni tí òfò ṣẹ̀, ẹni tó wà lọ́sibítù, inú ẹ̀ la ti ń mú fún wọn, tí ààwẹ̀ bá sì dé a máa ń fi ra ráìsì àti òróró fún àwọn klínà àti sẹ́kiúríńtì. Mùsùlùmí ń dá a, Kìrìsìtẹ́nì ń dá a. Lọ́dún yìí ni wọ́n ní àwọn á kúkú máa yọ ọ́ látinú sálárì wa, wọ́n sì ń ju orúkọ ẹni tó san àti ẹni tí ò san sórí gúrúùpù WhatsApp. Ṣé mo lè ka owó yìí sí sàká mi? Ṣé láádá wà níbẹ̀ nígbà tínú mi ò dùn sí i? Ṣé kò sóhun tó burú nínú kéèyàn máa fún ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí? Èyí tó tiẹ̀ ń dùn mí jù ni pé àwọn klínà yẹn gan-an, wọ́n jẹ wọ́n lówó oṣù 2.

ÌDÁHÙN: Wa alaykumu salaam wa rahmatullah, arábìnrin wa. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti sàká kúrò nílẹ̀. Sàká ni èyí tó jẹ́ dandan kí Mùsùlùmí tó lówó yọ lọ́dọọdún, sàráà sì lèyí téèyàn fi tinútinú ṣe. Owó yẹn ò lè di sàká bẹ́ẹ̀ yẹn. Sàká ní àwọn tó tọ́ sí, irú èèyàn 8 ni Ọlọ́hun kà sílẹ̀ nínú Suuratu Tawba àáyà 60, tálákà, aláìní, onígbèsè, arìnrìn-àjò tówó tán lọ́wọ́ ẹ̀ àtàwọn yòókù, ẹ ò sì ní bá ẹni tó ń ṣe ìkómọ níbẹ̀. Ọ̀gá tí sálárì ẹ̀ ju tiyín lọ tó bímọ tẹ́ ẹ dáwó fún, ẹ bá a yọ̀ ni, ó dáa, àmọ́ kì í ṣe sàká. Sàká tún ní iye tówó gbọ́dọ̀ tó kó tó wọ̀ ọ́, ìyẹn iye tí gírámù góòlù 85 bá jẹ́, kówó náà sì ti lo ọdún kan gbáko lọ́wọ́ yín, ọdún ojú òṣùpá là ń wí o, ẹ wá yọ 25 náírà nínú 1,000 kọ̀ọ̀kan. Níyà ẹ̀, ìyẹn èrò pé sàká lẹ̀ ń yọ, gbọ́dọ̀ wà lọ́kàn yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń yọ ọ́. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìparí ọdún ni wọ́n ń jókòó ṣírò gbogbo ìdáwó ọ́fíìsì, díẹ̀ ló kù kí wọ́n fi owó aṣọ ẹbí kún un, wọ́n á ní ó ti kúrò nínú sàká àwọn. Kò kúrò níbẹ̀ rárá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí sàká yín gba ọwọ́ àwọn tó ń kówó yẹn jọ, ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ sọ fún wọn pé sàká nìyí, kó lè dọ́dọ̀ Mùsùlùmí tí nǹkan ò rọrùn fún.

Àmọ́ ìdáwó yẹn fúnra ẹ̀, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi bídíà, ìyẹn àdádáálẹ̀ nínú ẹ̀sìn, dẹ́rù bà yín. Àwọn ará Aṣ'ari tó wá láti Yemen, tóúnjẹ bá ti ń tán lọ lójú ogun tàbí tí oúnjẹ ará ilé wọn bá dín kù ní Mẹdínà, ńṣe ni wọ́n máa da gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ kálukú sórí aṣọ kan ṣoṣo, wọ́n á wá fi igbá kan náà wọ̀n ọ́n fúnra wọn lọ́gbọọgba. Ànábì (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní èèyàn òun ni wọ́n, òun náà sì jẹ́ tiwọn. Bukhari àti Muslim, àwọn onímọ̀ tó kó hádíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì, jọ, ló gbà á wá.

Ti ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí, sàráà tọ́ sí i. Ẹ ka Suuratul Mumtahina àáyà 8. Ìyá Asmaa ọmọ Abubakar, ọ̀ṣẹbọ ni nígbà tó wá kí ọmọ ẹ̀, Ànábì sì ní kó ṣe dáadáa sí ìyá ẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá níbi tẹ́gbọ́n ti ń lọ mọ́ṣáláṣí tí àbúrò ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ṣé ó yẹ kí èyí tún máa fa àríyànjiyàn ni?

Ibi tí mo ti fẹ́ dúró díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yíyọ owó nínú sálárì. Ànábì sọ pé owó Mùsùlùmí ò tọ́ fẹ́nikẹ́ni àfi èyí tó bá fi tinútinú yọ̀ǹda. Tí wọ́n bá bi yín tẹ́ ẹ sì fọwọ́ sí i, kò burú, wọ́n kàn ń bá yín rántí ni. Tí wọn ò bá bi yín, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ sọ fún wọn pé kí wọ́n má yọ ọ́, ẹ̀yin á máa fọwọ́ ara yín san án, tàbí pé ẹ ò lágbára ẹ̀ lóṣù yìí. Kò sẹ́ṣẹ̀ níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì gbà kó máa lọ, ẹ dá níyà sàráà sí i, láádá yín ò ní sọnù lágbára Ọlọ́hun.

Ẹ wo bí Ànábì ṣe ṣe é nígbà táwọn ará ẹ̀yà Mudar wá bá a láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọn ò wọ bàtà, aṣọ ò fi bẹ́ẹ̀ sí lára wọn, ojú ẹ̀ yí padà nígbà tó rí ìyà tó ń jẹ wọ́n. Ó ní kí Bilaal pe ìrun, wọ́n kírun, ó wá ṣe wáàsí fáwọn èèyàn, kí kálukú mú ohun tó bá ní wá, kódà kó jẹ́ ààbọ̀ èso dàbínù. Ará Ansaar kan, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn Mùsùlùmí ọmọ Mẹdínà, gbé àpò kan dé tí ọwọ́ ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ká, làwọn yòókù bá tẹ̀ lé e, títí oúnjẹ àti aṣọ fi di òkìtì 2. Gbangba ni wọ́n ti ṣe é, ẹni tó ṣáájú sì gbẹ̀san ire, nítorí náà mi ò ní sọ pé kéèyàn fúnni lójú ayé burú. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ gbọ́ níbẹ̀ pé wọ́n ka orúkọ ẹni tí ò mú nǹkan wá? Ẹni tí ò san lóṣù yẹn lè jẹ́ ẹni tó ń wá owó súkúùlù ọmọ. Àti fọ́tò klínà tó gbé ráìsì dání tí wọ́n á tún máa pín kiri, Ọlọ́hun ní ká má fi ìrègún àti ìpalára ba sàráà wa jẹ́, Suuratul Baqara àáyà 264.

Ó wá ku owó oṣù táwọn klínà ò tíì rí gbà, èyí ló sì wúwo jù nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ. Nínú hádíìsì kan tí Bukhari gbà wá, Ọlọ́hun ní èèyàn 3 lÒun máa bá ṣẹjọ́ lọ́jọ́ Àlùkìyáámà, ọ̀kan nínú wọn lẹni tó gba òṣìṣẹ́, tó lò ó tán, tí ò sanwó fún un. Ọ̀gá tó jẹ klínà lówó oṣù 2 tó wá ń ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ráìsì, wallahi kò tíì bẹ̀rẹ̀ sàráà. Gbèsè ló wà lọ́rùn ẹ̀, owó tẹ́yin òṣìṣẹ́ dá ò sì lè bá a san án. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dáwó yìí, ẹ kóra yín jọ, ẹ lọ bá ọ̀gá, tó bá jẹ́ kọngílá ló gbà wọ́n síṣẹ́ ẹ bá kọngílá náà, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù bá wọn sọ̀rọ̀. Kó tó di pé wọ́n san án, ẹ máa fún àwọn klínà lóúnjẹ, torí ebi ò ní dúró de ìpàdé. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má lọ fowó ráìsì yẹn dín owó tí wọ́n jẹ wọ́n kù o, àwọn kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Wallahu a'lam.