Èsì: Ṣé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run máa ń wà nínú kọ́míìkì ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ṣé kọ́míìkì àtijọ́ inú ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà tiẹ̀ máa ń kan ọ̀rọ̀ Ọlọ́run àbí ẹ̀fẹ̀ lásán ni. Ó wà ńbẹ̀ dáadáa o! Ẹ wo kọ́míìkì Peanuts, Charles Schulz tó yà á láti 1950 di 2000 ti kọ́ àwọn èèyàn ní Sunday school rí, abájọ tí Linus, ọmọ tó máa ń wọ́ búláńkẹ́ẹ̀tì kiri yẹn, fi máa ń ka Bíbélì bíi pásítọ̀, síbẹ̀ ọdọọdún ló ń lọ dúró de Great Pumpkin, iwin elégédé ńlá tó gbà pé ó máa ń mú ẹ̀bùn wá fọ́mọdé, nínú oko elégédé tí ìyẹn ò sì yọjú rí (àánú ẹ̀ máa ń ṣe mí ṣá).

Àmọ́ ti B.C., kọ́míìkì àwọn èèyàn inú ihò àpáta láyé àtijọ́, ló le jù. Ọjọ́ Àjíǹde 2001, Johnny Hart tó ń ya kọ́míìkì yẹn ya ọ̀pá fìtílà ẹlẹ́ka méje tàwọn Júù, iná ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ tí Jésù sọ lórí igi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ká tó ṣẹ́jú, ọ̀pá ti di àgbélébùú! Háà, inú bí ọ̀pọ̀ Júù, wọ́n ní ṣé ẹ̀sìn àwọn ló ti kógbá sílé ni, Hart ní rárá o, ẹ̀sìn méjèèjì lòun ń yẹ́ sí. Èmi ò dá àwọn Júù yẹn lẹ́bi.