Ọ̀gá Ò Fẹ́ Gba Abiyamọ Síṣẹ́ Mọ́

Ìbéèrè: Àwọn aránṣọ wa ní Èkó máa ń fiṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Ọ̀gá ní ká má gba obìnrin mọ́. Kí ni kí n sọ fún wọn?

Ìdáhùn: Ẹ má bẹ̀ wọ́n, ìṣirò owó ni kí ẹ gbé síwájú wọn. Èló ni ẹni tuntun ń ná yín kó tó mọwọ́ ẹ̀rọ, pẹ̀lú aṣọ tó ń bàjẹ́? Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí òfin iṣẹ́ Nàìjíríà sọ: ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12, ó kéré tán ìdajì owó fún ẹni tó ti lo oṣù 6, àti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ìfọ́mọlọ́mú. Wákàtí kan péré! Àìsí yàrá tí wọ́n ti lè fún wàrà ọmú pamọ́ fún ọmọ wọn lè wà lára ohun tó ń lé wọn lọ: ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni àwọn míì ti ń fún un. Ìlẹ̀kùn tó ṣeé tì, àga, fìríìjì kékeré, ó tó.