Ẹ Bi Wá: Kọ́yámásítà Tó Fẹ́ Darí Ọ̀kẹ́sítírà

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń darí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa l'Abẹ́òkúta. Sol-fa ni gbogbo wa ń kà. Ó wù mí kí n sọ dídarí ọ̀kẹ́sítírà di iṣẹ́ òòjọ́. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé dandan ni kí n lọ sókè òkun? Irú ọ̀pá ìdarí wo sì ni kí n rà?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀rọ̀ ọ̀pá kúrò nílẹ̀ ná, nítorí òun ló kéré jù. Èyí tó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 35, tó fúyẹ́, tó sì funfun kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè rí i, ti tó. Kí ìdí rẹ̀ sinmi sínú àtẹ́lẹwọ́, kí àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e dì í mú fẹ́lẹ́. Bẹ́ ẹ bá fún un pọ̀ jù, apá yín á le gan-an, ohùn fayolíìnì náà á sì gan.

Ní ti ibi tẹ́ ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́ ohun èlò ọ̀kẹ́sítírà kan dunjú, kẹ́ ẹ sì jókòó sáàárín àwọn tó ń lò ó. Ibẹ̀ lẹ ti máa gbọ́ bí iṣẹ́ náà ṣe ń rí látinú. Ṣẹ́lò ni Toscanini, ọmọ Ítálì tó wá di gbajúmọ̀ adarí, ń ta nínú ọ̀kẹ́sítírà kan ní Rio de Janeiro lọ́dún 1886, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 19, tí wọ́n fi gbé e dìde lálẹ́ ọjọ́ kan láti darí *Aida*, eré olórin tí Verdi kọ. Ó darí rẹ̀ láìwo ìwé, nítorí orin náà ti wà lórí rẹ̀ kí ọ̀pá tó dé ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka orin lórí ìlà márùn-ún, torí pé òun ni ìwé ọ̀kẹ́sítírà ń lò. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ sol-fa nù o. Àǹfààní rẹ̀ máa yọ níbi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń làágùn, ìyẹn níbi àwọn ohun èlò tí ohùn wọn yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú ìwé wọn. Bí oníkíláríńẹ́ẹ̀tì B♭ bá rí ohùn tí wọ́n ń pè ní C, ohùn B♭ ló máa dún. Bí oníhọ́ọ̀nù F bá rí C, F tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ló máa dún. Nítorí náà, bí dò orin bá wà ní F, ìwé kíláríńẹ́ẹ̀tì máa gbé dò tiẹ̀ sí G, ti họ́ọ̀nù á gbé e sí C. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mọ̀ pé dò ń ṣí kiri, ẹ kàn wá dò oníkálukú, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ lórin. Ẹ gba ojú ìwé kan lóòjọ́: ẹ kọ́kọ́ kọ ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn náà ti òkè, kẹ́ ẹ tó kan ti àárín.

Ìrìn àjò kì í ṣe ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. Ilé ẹ̀kọ́ orin MUSON wà l'Ónìkan l'Ékòó, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orin sì wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Ífẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀ṣì náà kì í ṣe ibi kékeré: láti 1914 títí di 1962 ni T. K. E. Phillips fi jẹ́ olórí orin ní Kátídírà Marina l'Ékòó. Tó bá yá, ẹ lè wá àyè ní ilé ẹ̀kọ́ bíi Royal Academy of Music ní Lọ́ńdọ̀nù, tàbí kẹ́ ẹ díje ní Besançon, nílẹ̀ Faransé, tí wọ́n ti ń ṣe ìdíje àwọn adarí láti 1951. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ọ̀kẹ́sítírà tó ń san owó oṣù fún adarí ò pọ̀ nílẹ̀ wa. Ẹ má tíì fi iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará ilé, ọ̀kẹ́sítírà àdúgbò kan ni mò ń darí níbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Símfónì karùn-ún ti Beethoven là ń kọ́. Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ pọ̀, orin náà sì máa ń falẹ̀ bó ṣe ń lọ. Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa?

Ìdáhùn: Ó jọ pé ohùn wọn lẹ̀ ń dúró dè. Ohùn kì í bọ́ sójú kan náà pẹ̀lú ọwọ́, ó máa ń tẹ̀ lé e díẹ̀. Bẹ́ ẹ bá dúró kó dé kẹ́ ẹ tó gbé ọwọ́ tó kàn, àwọn náà á dúró dè yín, ẹ ó sì jọ máa rọ̀ sẹ́yìn. Ti àwọn onífèrè idẹ tó wà lẹ́yìn tún le jù. Ẹni tó fi mítà 12 jìnnà sí fayolíìnì ń gbọ́ ọ bíi ìdá mẹ́ta nínú ìdá ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá kan lẹ́yìn tó ti dún. Bó bá tún dúró gbọ́ ọ kó tó fun, ó ti pẹ́ nìyẹn. Ẹ sọ fún wọn pé ọwọ́ yín ni kí wọ́n tẹ̀ lé, kì í ṣe etí wọn.

Ní ti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ wo báà àkọ́kọ́ dáadáa, ìyẹn ìpín orin tó wà ṣáájú ìlà òòró àkọ́kọ́ nínú ìwé. Ìdákẹ́jẹ́ kékeré ló ṣáájú, kí ohùn mẹ́ta kúkúrú tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ohùn gígùn kan tẹ́ ẹ ó dá dúró. Ìyẹn ni pé nígbà tí ọwọ́ yín bá balẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dún. Ọ̀pọ̀ adarí máa ń ka “ọ̀kan, èjì” kó lè dá wọn lójú, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹnì kan ti máa já wọlé. Ìyáàlù lè fi ohùn pe omele wọlé. Ẹ̀yin ò ní ju ọwọ́ àti èémí lọ. Nítorí náà, ẹ gbé ọwọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ìgbésókè náà gùn tó báà kan gẹ́lẹ́, kẹ́ ẹ mí símú pẹ̀lú rẹ̀ kí wọ́n rí i. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ kíá. Ẹ má fi ọwọ́ na ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta o, torí bẹ́ ẹ bá nà án, wọ́n á di ohùn mẹ́ta tó pín ìlù kan dọ́gba, tó rọra ń yí, wọn ò sì ní le bó ṣe yẹ. Ìsọ̀kalẹ̀ kejì ni ti ohùn gígùn, kẹ́ ẹ sì dá ọwọ́ dúró síbẹ̀.

Ibi tí ìyára ìgbésókè yẹn ti máa wá ni báà 6, níbi tí ẹgbẹ́ fayolíìnì kejì ti dá wọlé. Nínú ìdánrawò, ẹ mú wọn ta láti báà 6 dé 21 ná. Gbàrà tẹ́ ẹ bá dáwọ́ dúró, kí eré yẹn ṣì wà lára yín, ẹ padà sí báà 1, kẹ́ ẹ sì gbé ọwọ́ láìsọ ọ̀rọ̀ kankan.