Ta ló ń gba ẹ̀bùn ìwé àkójọpọ̀ ìtàn àròsọ: olóòtú ni àbí àwọn òǹkọ̀wé?

Olóòtú ni. Bí àkójọpọ̀ ìtàn bá wọ ìdíje World Fantasy Award, ẹ̀bùn ọdọọdún fún ìtàn àròsọ alárà-ọ̀tọ̀, orúkọ ẹni tó ṣa àwọn ìtàn náà jọ ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, òun náà ló sì ń gba ẹ̀bùn bí ìwé náà bá yege. Báyìí ni Oghenechovwe Donald Ekpeki, ọmọ Nàìjíríà, ṣe gba ti 2022 fún The Year's Best African Speculative Fiction.

Àmọ́ ìtàn kan ṣoṣo nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè dá wọ ìdíje mìíràn lórúkọ ẹni tó kọ ọ́.

Ti Hugo, ẹ̀bùn mìíràn fún ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì àti irú ìtàn wọ̀nyí, ló yàtọ̀ díẹ̀: kò ní ẹ̀ka tó dúró fún àkójọpọ̀ ìtàn. Olóòtú fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń dìbò fún, ó sì gbọ́dọ̀ ti ṣe olóòtú àkójọpọ̀ ìtàn tàbí ìtẹ̀jáde ìwé ìròyìn ìtàn mẹ́rin, ó kéré tán.