Àpótí 17 ni kí o kọ́kọ́ wò

Àbúrò mi, o ní oṣù mẹ́rin rèé tí o ti bọ́ aṣọ sójà Amẹ́ríkà sílẹ̀, VA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ajagunfẹ̀yìntì, fún ọ ní 70% (ìwọ̀n bí àìsàn tí o kó lẹ́nu iṣẹ́ ṣe pọ̀ tó), eyín ẹ̀yìn kan kò jẹ́ kí o sùn, ọ̀rẹ́ rẹ sì ní kí o má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu, pé VA kì í tọ́jú eyín àfi ti ẹni tó bá ní 100%. Ìdajì òótọ́ ni ọ̀rẹ́ rẹ sọ, ìdajì tó fi sílẹ̀ ló sì lè ná ọ lówó. Kí o tó ka ìyókù, dìde, lọ mú DD214 rẹ wá, ìwé tí wọ́n fún ọ nígbà tí o kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun. Wo àpótí 17.

Ohun tí wọ́n ń bi níbẹ̀ ni pé ṣé wọ́n yẹ eyín rẹ wò tán pátápátá, ṣé wọ́n sì ṣe gbogbo ìtọ́jú tó yẹ fún ọ, láàárín 90 ọjọ́ kí o tó kúrò. YES àti NO ló wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá sàmì sí NO, kí inú rẹ dùn. Èmi rí NO tèmi ní 2012, ńṣe ni mo rò pé wọ́n ń sọ fún mi pé kò sí nǹkan kan fún mi lórí ọ̀rọ̀ eyín. Mo ká ìwé náà, mo tì í bọ inú fáìlì kan pẹ̀lú ìwé mọ́tò, ó lé ní ọdún kan kí n tó tún fojú kàn án. Bàbá òyìnbó kan tí wọ́n ja ogun Vietnam, tí wọ́n ń bá àwa ajagunfẹ̀yìntì kọ ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ́fíìsì American Legion (ẹgbẹ́ àwọn ajagunfẹ̀yìntì) àdúgbò wa, ni wọ́n fi ìka tẹ NO yẹn. Wọ́n wo ọjọ́ tí mo kúrò. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

NO yẹn, gbèsè tí ìjọba jẹ ọ́ ni. Ẹni tó bá lo 90 ọjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ láti August 2, 1990 wá (ogun Gulf ò tíì parí nínú ìwé tiwọn), tí kì í ṣe pé wọ́n lé e dànù pẹ̀lú àbùkù, lè gba ìtọ́jú eyín lẹ́ẹ̀kan lọ́wọ́ VA, bó bá ti béèrè fún un láàárín 180 ọjọ́ tó kúrò. Class II ni wọ́n ń pè é. Kò kan 70% rẹ rárá. Ẹni tí wọn ò fún ní nǹkan kan pàápàá lè gbà á. Mú kàlẹ́ńdà, ka ọjọ́ náà ní oókan, torí nǹkan bí 60 ló kù fún ọ. Bí o kò bá tíì forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú, fọ́ọ̀mù 10-10EZ ni, ṣùgbọ́n má dúró síbẹ̀: fẹnu sọ ọ́, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀, pé ìtọ́jú eyín lò ń béèrè. Gba ẹ̀dà tó ní déètì lórí.

Èmi tí n kò mọ̀, ọdún méje ni mo fi jẹ̀yà rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti Afghanistan dé ni mo ti máa ń payín keke lójú oorun. Ìyàwó mi ní ó ń dún bí ẹni ń lọ ata gbígbẹ lórí ọlọ. Eyín kan là sí méjì. Dókítà ní root canal àti crown ni, kí wọ́n fọ inú gbòǹgbò rẹ̀, kí wọ́n sì dé e ní adé. Mo wo iye tó kọ sórí bébà, mo ní kó kúkú yọ ọ́. Èkejì tẹ̀ lé e. Níbi ìgbéyàwó àbúrò mi ní Ìbàdàn, àgbà kan na orógbó sí mi, mo fi sábẹ́ ahọ́n bí ọmọ tó ń fi oògùn pamọ́, mo wá ń mi ẹnu bí ẹni tó ń jẹ ẹ́. Ìyá mi rí mi. Ìgbà tí mo ń padà, odidi ìdì orín àtà kan ni wọ́n kì bọ inú báàgì mi. (Orín ò lè wo eyín tó ti lọ, àmọ́ ta ni yóò sọ ìyẹn fún ìyá rẹ̀?)

Má sì jẹ́ kí wọ́n tàn ọ́ pé 70 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 100. Ìṣirò VA kì í ṣe ìṣirò ọjà. 50 fún àìsàn kan àti 30 fún òmíràn kì í ṣe 80 lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n á yọ 50 kúrò lára 100, wọ́n á wá mú 30% nínú 50 tó ṣẹ́kù, ìyẹn 15. Ó di 65, wọ́n á sún un sí 70. Èmi dúró sí 90 géérégé fún ọdún mẹ́ta. Kí n tó kúrò níbẹ̀, àfi kí n tún rí odidi 50 mìíràn, kó lè di 95, kí wọ́n wá sún un sí 100. Ní gbogbo ọdún mẹ́ta yẹn, VA ò dí ihò kan ṣoṣo fún mi. Nígbà tí 100 dé ní 2019, mo bọ́ sí Class IV, ìtọ́jú eyín tó bá ti yẹ ni wọ́n ń ṣe. Àwọn tí wọ́n ń san owó 100% fún torí pé àìsàn ò jẹ́ kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ náà wà níbẹ̀. 100% onígbà díẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, kò sí níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ YES ni wọ́n sàmì sí ńkọ́? Bí eyín yẹn bá ń dá kún àìsàn tí VA ti gbà pé ẹnu iṣẹ́ lo ti kó o, Class III wà, ṣùgbọ́n dókítà eyín VA ló gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Bí o bá wà nínú ètò Chapter 31 tó ń kọ́ni níṣẹ́, béèrè níbẹ̀ náà. Bó bá jẹ́ pé jàǹbá ẹnu iṣẹ́ ló fọ́ eyín náà, wá ìwé ìtọ́jú ọjọ́ náà jáde. VADIP kì í ṣe ọ̀fẹ́ o: inṣọ́ránsì Delta Dental tàbí MetLife ni, ìwọ ni wàá máa san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Ka iye tí wọ́n máa san lọ́dún kan kí o tó tọwọ́ bọ̀wé. Ní tèmi, ilé ẹ̀kọ́ àwọn dókítà eyín ló gbà mí jù nígbà yẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ṣe é, olùkọ́ rẹ̀ dúró tì í. Wákàtí mẹ́ta ni mo la ẹnu sílẹ̀ fún eyín kan, àmọ́ owó rẹ̀ ṣeé gbọ́, eyín náà sì wà lẹ́nu mi dòní.

Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ bá wú tàbí ibà bá bá a wá, ilé ìwòsàn pàjáwìrì ni kí o gbà lọ, má dúró de ìwé kankan. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, sọ ọjọ́ tí o kúrò àti ohun tí wọ́n sàmì sí ní àpótí 17 fún mi. Má ya fọ́tò DD214 náà ránṣẹ́ o, nọ́ńbà Social Security rẹ wà lórí rẹ̀.